Ẹ Jẹ́ Kí Ẹṣin Òkun Jẹun Lójú Yín Kí Ẹ Tó Sanwó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láàárín oṣù mẹ́ta sí àkókò yìí, ènìyàn mẹ́fà ló ti wá sí ilé mi ní Apáta, ní Ìbàdàn níbí, láti wo àwọn ẹja tí wọ́n ń pè ní ẹṣin òkun tí mo ń sìn nínú àpótí gíláàsì. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn bi mí kí wọ́n tó kúrò: níbo ni àwọn ti lè rí i rà? Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè ohun tí ó ń jẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ìwé yìí sí yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó pa méjì àkọ́kọ́ tí mo rà, kì í ṣe omi, kì í ṣe iyọ̀, kì í sì í ṣe ooru ìlú wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ tí n ó rò níwájú.

Ẹja àrọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń pa ọmọ ẹja láti inú ẹyin, tí mo sì ń tà á fún àwọn tó ń sin ín káàkiri Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ ẹja àrọ̀ mọ̀ pé kì í ṣàṣàyàn: bí ẹ bá da fíìdì sí i, yóò jẹ ẹ́, bí ẹ kò bá da nǹkan kan sí i, yóò jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Ìgbéraga iṣẹ́ yìí ni mo gbé lọ sí ìdí ẹṣin òkun.

Ẹja ni ẹṣin òkun lóòótọ́, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ jọ ti ẹṣin, ṣùgbọ́n kò ní eyín, kò sì ní àpòlúkù tí oúnjẹ lè dúró sí. Inú ìfun ni ohun tó bá gbé mì ń gbà kọjá kíákíá, nítorí náà kò lè jẹ àjẹyó lónìí kí ó fi dúró di ọ̀túnla. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni àgbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹnu rẹ̀ gùn bí fèrè, ó sì fi ń fa edé wẹ́wẹ́ wọlé lódindi. Kò mọ omi í wẹ̀ púpọ̀. Nínú òkun, yóò fi ìrù so mọ́ koríko, yóò dúró jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ méjèèjì yóò máa yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ti ọ̀gà, títí edé tó wà láàyè yóò fi gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ohun tí kò bá ń mira, kò kà á kún oúnjẹ.

Ọwọ́ olùtà kan ní Èkó ni mo ti ra méjì àkọ́kọ́ náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Inú òkun ni wọ́n ti fi àwọ̀n kó wọn, olùtà náà sì fọwọ́ sọ̀yà pé ohunkóhun ni wọ́n ń jẹ. Mo gbé wọn dé Ìbàdàn, mo da fíìdì ọmọ ẹja sí wọn, wọn kò tilẹ̀ wò ó. Mo ra edé tútù lọ́jà, mo gé e wẹ́wẹ́, wọ́n wò ó títí ó fi balẹ̀, wọ́n sì gbójú kúrò. Abo kú ní ọjọ́ kọkànlá, akọ kú ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ikùn àwọn méjèèjì sì ti wọnú, ó gbẹ bí ewé tábà. Ebi ló pa wọ́n nínú omi tó mọ́ gaara, pẹ̀lú oúnjẹ nílẹ̀. Nígbà tí mo pe olùtà náà, ó ní bóyá omi Ìbàdàn ni kò bá wọn lára mu.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti omi náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ṣe àwáwí. Àpótí mi gba 200 líta omi, ó sì ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Gíga ṣe pàtàkì ju gígùn lọ, nítorí pé òòró ni akọ àti abo jọ máa ń gòkè nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ra. Ó yẹ kí omi ga tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn ẹja náà, ó kéré tán. Omi kànga mi ń gba inú ẹ̀rọ àsẹ́ irú èyí tí àwọn tó ń ṣe omi inú ike ń lò, lẹ́yìn náà ni mo ń po iyọ̀ òkun mọ́ ọn, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí líta kan, èyí tó jẹ́ kìlógíráàmù méje fún àpótí mi. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí irú iyọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, nígbà tí omi òkun ní kálísíọ́ọ̀mù, màgnísíọ́ọ̀mù àti oríṣiríṣi nǹkan mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni pọ́ńpù àti àsẹ́ fi ṣiṣẹ́ kí ẹja kankan tó wọ ibẹ̀, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ amóníà inú ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ tó. Ìyàwó mi bi mí nígbà náà bóyá omi gan-an ni mo ń sìn. Mo fi fóòmù bo ẹnu pọ́ńpù kí ó má baà fa ẹja mọ́ra, mo sì gbin koríko oníke sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi fi ìrù dì mú.

Ooru ni iṣẹ́ tòótọ́. Omi ẹṣin òkun irú tèmi kò yẹ kí ó kọjá 24°C, nítorí pé bí omi bá ti ń gbóná ni àwọn kòkòrò àìsàn tí wọ́n ń pè ní Vibrio ń gbilẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn gan-an ló sì máa ń jẹ awọ àti ìrù ẹja yìí. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìbàdàn, omi tí a gbé sínú yàrá lásán lè di 30°C kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo gbé àpótí náà sí yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, mo sì fi fáànù kékeré kan kọjú sí ojú omi. Bí atẹ́gùn bá ti ń gbé omi lọ, omi tó kù yóò máa tutù, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá atẹ́gùn lọ, nítorí náà omi aláìníyọ̀ ni a fi ń dí èyí tó gbẹ. Bí iná bá lọ, ínfátà ni yóò gbé fáànù àti pọ́ńpù. Bí ó bá pẹ́ jù, omi inú ọ̀rá tó ti di yìnyín ni mo ń jù sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí omi má baà tutù lójijì. Gbogbo èyí gba owó àti sùúrù, ṣùgbọ́n ẹni tó ní owó àti sùúrù lè ṣe é. Ti oúnjẹ kò rí bẹ́ẹ̀.

Mẹ́rin ni mo rà lẹ́ẹ̀kejì. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n bí wọn sí, ìwé àṣẹ wọn sì pé. Wọ́n ní gbogbo wọn ló ti ń jẹ edé òkú, ìyẹn edé wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní mysis, tí a ń rà ní dídì tí a sì ń tọ́jú sínú fírísà. Òótọ́ ni fún méjì. Àwọn méjì yòókù kọ̀ jálẹ̀, bóyá nítorí ìrìn-àjò, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá tètè wá nǹkan ṣe, ọ̀nà àwọn ti àkọ́kọ́ ni wọn yóò gbà lọ.

Ọpẹ́lọpẹ́ ẹja àrọ̀ níbí yìí. Gbogbo àwa tí a ń pa ọmọ ẹja la mọ átẹ́míà, ẹyin irú edé wẹ́wẹ́ kan tó ń wà nínú agolo, tí a ń dà sínú omi iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń rú, tí yóò sì pa láàárín wákàtí 24 sí 36. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kéré jù lójú àgbà ẹṣin òkun, nítorí náà mo dá àwọn kan sínú garawa nínú oòrùn, mo ń fi omi tí ewéko wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sọ di aláwọ̀ ewé àti ìwúkàrà díẹ̀ bọ́ wọn, nígbà tí ó sì fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n ti gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Átẹ́míà dà bí gúgúrú: ó ń dí ẹnu, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ara lóore. Nítorí náà ni mo fi ń jẹ́ kí òun náà kọ́kọ́ jẹ òróró ẹja tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, fún bíi wákàtí 12, kí n tó kó o fún ẹṣin òkun.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò kọ́ wọn ní nǹkan kan ju ibi tí oúnjẹ wà lọ. Mo gbé ìkarahun òkun kan tó jìn bí ọpọ́n kékeré sí igun kan, mo ń pa pọ́ńpù ní aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo sì ń da átẹ́míà alààyè sínú ìkarahun náà. Láìpẹ́, ìdákẹ́jẹ́ pọ́ńpù di agogo oúnjẹ fún wọn. Bí ariwo rẹ̀ bá ti dá, wọn yóò tú ìrù wọn kúrò lára koríko, wọn yóò sì máa bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi edé òkú díẹ̀ lú alààyè. Mo ti yọ́ ọ nínú omi àpótí, mo ti ṣàn án, mo sì ti ṣa àwọn tí orí àti ojú wọn ṣì wà lódindi, nítorí pé ojú edé ni ẹṣin òkun kọ́kọ́ ń wá. Átẹ́míà ń wẹ̀ káàkiri inú ìkarahun, ó ń ti edé òkú síhìn-ín sọ́hùn-ún, òkú sì ń mira bí alààyè.

Síbẹ̀, àwọn alágídí méjì náà ń ṣa alààyè jẹ, wọ́n ń fi òkú sílẹ̀. Mo wá yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu síríńjì, mo ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo sì ń sọ edé kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sókè orí ẹja, kí ó máa já bọ̀ díẹ̀díẹ̀ gba iwájú ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá ti edé sí i lẹ́nu, sísá ni yóò sá, yóò sì máa sá fún rọ́bà náà títí. Bí èyí àkọ́kọ́ bá já balẹ̀ láìjẹ, mo fà á padà, mo tún sọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú ogún ni, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, n kò sì lè purọ́ pé kò sú mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi onísìn ẹja àrọ̀ ní kí n fi ebi pa wọ́n, wọ́n ní yóò jẹ bí ebi bá pa á. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ẹja tó ní àpòlúkù. Oúnjẹ ọjọ́ kan péré ni mo dá dúró, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, mo gbọ́ ‘kọ́’ lára ọ̀kan nínú àwọn méjì náà, ìró tí egungun orí rẹ̀ ń dún bí ó bá gbé nǹkan. Edé òkú náà ti wọlé. Ó sì tu ú jáde. Inú mi dùn bí ẹni pé ó gbé e mì, nítorí pé ẹja tó bá ti tọ́ nǹkan wò ti gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oúnjẹ. Ní ọjọ́ kejì ó gbé méjì mì. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni kò ti jẹ nǹkan mìíràn ju mysis lọ, mẹ́jọ sí mẹ́wàá ní ìjókòó kan. Èkejì kò gbà lọ́wọ́ mi rárá. Mo kàn gbé koríko tó máa ń so mọ́ súnmọ́ ìkarahun níbi tí àwọn mẹ́ta yòókù ti ń jẹun, ó wò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jẹ. Edé tí wọ́n bá jẹ kù, kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ nínú omi, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò ba omi jẹ́. Èyí tó bá sì ti yọ́, ẹ má dá a padà sí fírísà.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin òkun kò yẹ kí ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtà gbọ́ lórí oúnjẹ. Èyí tí wọ́n fi àwọ̀n kó nínú òkun kò mọ oúnjẹ òkú rí, ó sì lè gbé àìsàn wọlé. Irú kan wà ní etí òkun tiwa, láti Senegal títí dé Àǹgólà, Hippocampus algiricus ni orúkọ rẹ̀, òun náà sì wà lára àwọn tí ó ń dín kù nítorí àwọ̀n àti nítorí òwò gbígbẹ rẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ sí ilẹ̀ Éṣíà fún egbòogi. Láti ọdún 2004 ni àdéhùn àgbáyé CITES lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, ti fi gbogbo irú ẹṣin òkun sí abẹ́ òfin pé kò gbọdọ̀ kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láìsí ìwé àṣẹ. Ìwé náà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè bí olùtà bá ní òkè òkun ni ẹja òun ti wá.

Lẹ́yìn ìwé, kí olùtà yọ edé dídì níwájú yín, kí ó sọ ọ́ sínú omi, kí ẹ sì dúró títí ẹja náà yóò fi gbé e mì. Kí ẹ wò ó dáadáa pé kò tu ú jáde. Bí olùtà bá ní ẹja náà ti yó, ẹ bi í pé aago mélòó ni yóò tún jẹun, kí ẹ sì padà wá ní aago yẹn, pẹ̀lú owó yín lápò.

Èmi ni tiyín,
Olùsìn ẹja kan,
Apáta, Ìbàdàn.