Ọwọ́ tó ń tẹ̀, ọwọ́ tó ń lù

Ìlọrin

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé òtútù Jámánì ń fojú ire wò ọ́? Ọyẹ́ ti wọ Ìlọrin, ètè gbogbo wa ti là. Ìyá wa ní Ọ̀fà ń kí ọ.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ yẹn dùn mí, pé olùkọ́ rẹ ní Leipzig ní ò ń lu píánò bí ẹni tó ń gúnyán. Mo rò ó títí. Ṣé o rántí kọ́bọ̀ tí ọ̀gá wa l'Ọ́fà máa ń gbé lé wa lẹ́yìn ọwọ́? Bó bá já bọ́, ká tún orin bẹ̀rẹ̀. Ìka nìkan ni kó rìn, ọrùn ọwọ́ kò gbọdọ̀ mì. A ṣe bí gbogbo ayé ló ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlànà àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù nìyẹn, nígbà tí eyín píánò ṣì fúyẹ́. Àwọn Faransé dì í mú pẹ́: Marguerite Long, tó kọ́ni ní Conservatoire, ilé ẹ̀kọ́ orin ìlú Paris, fẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan dá dúró, kó mọ́, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn. Ọ̀nà mìíràn ni ti Rọ́ṣíà. Lọ́dọ̀ Heinrich Neuhaus ní Moscow, ẹni tó kọ́ Richter àti Gilels, àwọn gbajúmọ̀ atẹpíánò, láti èjìká àti ẹ̀yìn ni ìwúwo ti ń wá, ìka kàn ń gbé e délẹ̀ ni. Èyí gan-an ló wo ọrùn ọwọ́ mi sàn lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti fi àdí pa á títí tí kò gbọ́. Mo jẹ́ kí apá mi rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ìrora lọ.

Tiwa ńkọ́? Ọmọ onílù kan wà tí mò ń kọ́ ní gbogbo Sátidé ní Táńkẹ̀. Mo gbé kọ́bọ̀ lé e lọ́wọ́, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi bọ́. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń já sílẹ̀, ó ń ta padà, bí kọ̀ǹgọ́ bàbá rẹ̀ ṣe ń ta lórí awọ gángan. Mo fẹ́ bá a wí. Ló bá mú orin ìyìn kan, Àkànní, ọwọ́ òsì dúró bí omele, ọwọ́ ọ̀tún ń sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Mo mú kọ́bọ̀ mi sápò.

Ohun tí Akin Euba (1935–2020), onímọ̀ orin ọmọ Nàìjíríà, pè ní African pianism nìyẹn: kí píánò gba ìṣe ìlù àti agídìgbo. Àwa tí a ń sọ pé a ń tẹ dùùrù, ṣebí àwa náà la ń sọ pé a ń lù ú!

Àléébù tiwa wà, n kò ní bò ó. Kíbọ́ọ̀dù eléyín 61 tí a fi dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì fúyẹ́ jù. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ yẹn dé orí píánò eléyín 88, agbára ni yóò máa fi gún un, torí kò mọ ìwúwo rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí ni olùkọ́ rẹ gbọ́, gbà fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìlù ló gbọ́, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Màá fi fóònù gba ohùn ọmọ náà ní Sátidé, màá fi ránṣẹ́. Jẹ́ kí olùkọ́ rẹ gbọ́ ọ tán kó o tó sọ ibi tó ti wá fún un.

Èmi ni,
Àlàó