Sọ fún Táyé pé òkè wà ní Èkìtì

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Báwo lòtútù Calgary, àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà l'Ádó níbí, òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Mo gbọ́ ohùn Táyé tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tó ń bi mí pé "Àǹtí, ṣé òkè wà ní Èkìtì?" Ó dùn mí wọra, torí wọ́n ní ara òkìtì ni wọ́n ti fa orúkọ wa yọ, ọmọ Èkìtì wá ń béèrè òkè! Jọ̀ọ́ ka lẹ́tà yìí fún un.

Lóòótọ́ Rocky Mountains yín ga, n ò ní jiyàn ìyẹn, Mount Robson nìkan jẹ́ mítà 3,954, tiwa ò sún mọ́ ọn rárá. Ṣùgbọ́n òkun ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o! Ní 1909 ni Charles Walcott, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, rí àmì ara àwọn ẹran inú òkun àtijọ́ nínú òkúta lórí òkè lọ́hùn-ún, tó ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló le di òkúta, nígbà tó yá ilẹ̀ wá ń ti ara ẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, ó ká jọ bí ẹní téèyàn fẹsẹ̀ tì mọ́ ògiri, ohun tó ká sókè yẹn lẹ̀ ń wò lójú fèrèsé.

Tiwa yàtọ̀. Mo lọ sí Ìkẹ́rẹ́ ní Sátidé, mo dúró nídìí àpáta Olósùnta. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni àpáta yẹn ti tutù tó sì le, ó ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún, òjò ló ń fọ ilẹ̀ tó bò ó lọ díẹ̀díẹ̀ títí orí ẹ̀ fi yọ. Ó ṣì ń bó títí di òní bí èèpo àlùbọ́sà, mo rí pẹlẹbẹ kan tó ti ṣí kúrò lára ẹ̀, ó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ tutù minimini, aláǹgbá kan sì sáré jáde, mo pariwo!

Òkè apá Ẹ̀fọ̀n ńkọ́? Ìyẹn gùn lọ gbọọrọ ni, òkúta funfun tó le bí irin, iyanrìn àtijọ́ ló dì bẹ́ẹ̀. Ara ẹ̀ náà ni Ìkọ́gòsì wà, ṣó o rántí ìgbà tá a lọ, tó o ki ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, èkejì sínú tútù? Omi òjò ló ń gba ojú sísán òkúta yẹn wọlẹ̀ jìnnà, ooru ilẹ̀ á mú un gbóná kó tó tún sun jáde, bíi 38 ìwọ̀n Celsius lórísun, kó tó lọ pàdé èyí tútù.

Tẹ́ ẹ bá wálé ní Dìsẹ́ńbà, èmi fúnra mi ni máa mú wọn lọ, kí wọ́n mú bàtà tí kì í yọ̀ dání. Kí Táyé bá mi ya fótò òkúta kan lára òkè yín lọ́hùn-ún láti ìtòsí, mo fẹ́ wo bó ṣe ká.

Èmi ni tìẹ,
Ìyá Dámilọ́lá