Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a kò fi lè dá gbogbo kọ̀ǹpútà padà sí Windows 10

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń sáré project kiri. Mo mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ yín kò dùn sí wa láti ìgbà tí a ti pààrọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa ní Agbowó yìí. Iṣẹ́ tí ẹ máa ń dúró gbà tẹ́lẹ̀, a ń ní kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìwé tí a ń tẹ̀ tojú tẹ̀yìn ní náírà 50 lójú ewé kan ti di náírà 70. Ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ Ajé, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì la tó kó o lé wọn lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n ti ń gbé òkú kúrò ní mọ́ṣúárì. Àwọn kan sọ ohun tó wà nínú wọn lójú mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èyí tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn náà ń dé etí mi.

Ohun kan náà ni gbogbo yín ń bi mí: "Ẹ ṣáà dá Windows àtijọ́ padà, ṣebí ó ń ṣiṣẹ́?" Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà ti bi ara mi lóru, mo ti bi oníṣẹ́ ẹ̀rọ wa, mo ti bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí. A ti wá fẹnu kò síbì kan, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu mi.

Windows 10 tí ẹ mọ̀ yẹn, ọdún 2015 ló jáde. Microsoft tó ṣe é kéde tipẹ́tipẹ́ pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí àwọn ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù yóò dópin. Kọ̀ǹpútà kò ní kú tórí ìyẹn. Á máa tàn, á máa tẹ̀wé bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tí yóò bá oníṣòwò bíi tiwa dí i mọ́, àfi bó bá sanwó. Windows 11 tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ kì í sì í gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ní TPM 2.0, èyí tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí sínú ẹ̀rọ. Bó bá sì jẹ́ pé Intel ló ṣe processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ kó jẹ́ ìran kẹjọ, ó kéré tán. Ìran kẹta àti ìkẹrin ni tiwa. Wọ́n ti bá wa ṣiṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn Windows 11 kò ṣí fún wọn. Bí ọ̀rọ̀ kíkó kọ̀ǹpútà mìíràn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tó dùn mí wọ egungun ni ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọ̀gá kan wà tó ń kó kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wá fún wa láti Èkó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti jọ ń ra, tí a jọ ń tà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Windows yìí ń gbóná, òun fúnra rẹ̀ ló wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá wa hàn án, èyí tó ń tẹ ìwé A3, tó ń tẹ̀ ẹ́ tojú tẹ̀yìn láìjẹ́ pé èèyàn fọwọ́ kàn án. Òun ni gbogbo ìwé ètò ìsìnkú, ti ìgbéyàwó, ti ìkómọjáde, àti ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì yín ń gbà kọjá. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ yìí ni ẹ̀mí iṣẹ́ mi, pé kọ̀ǹpútà yòówù tí yóò bá kó wá, àfi kó bá a ṣiṣẹ́. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó nu eruku kúrò, ó ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára irin rẹ̀, ó fi fóònù yà á. Ó dìde, ó gbọn ọwọ́, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, á ṣiṣẹ́." Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Ó ní ká kó àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ fún òun, kí a fi owó lé e, òun yóò kó tuntun fún wa. Ẹni tí kò bá mọ bí ọjà ṣe rí lè rò pé owó kékeré ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó náírà 470 ní báńkì. Lọ́dún 2024, ó ti kọjá 1,500. Dọ́là sì ni wọ́n fi ń ra tòkunbọ̀. Kọ̀ǹpútà kan tí à bá fi owó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ rà tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí èèyàn ń dá àjọ sí. Kí dọ́là tó ṣe bẹ́ẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ ti gbówó lórí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Nígbà tó tún di oṣù Kẹrin ọdún 2024, iná mànàmáná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, fò láti náírà 68 sí 225 fún yúníìtì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ owó wa tó wà lára ògiri: ìgbà tí iná gbówó lórí, a kò fi kọ́bọ̀ kan lé owó ojú ewé. Mo gbé e mì. Ẹni tó ń pè mí ní olójúkòkòrò lónìí, ó yẹ kó rántí ìyẹn.

Mo sanwó. Kọ̀ǹpútà dé. A so ẹ̀rọ ńlá mọ́ ọn, kò dáhùn.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ wa ló wá là mí lọ́yẹ̀. Driver ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ti 32-bit nìkan ni àwọn tó ṣe é kọ. Ẹ̀dà méjì ni Windows 10 ní, 32-bit àti 64-bit, driver ọ̀kan kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí èkejì. 32-bit la fi sórí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́, tìtorí ẹ̀rọ yìí náà ni. Windows 11 kò ní 32-bit rárá, 64-bit nìkan ni wọ́n ṣe. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà kò sì kọ driver tuntun fún un, ọjà rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, tó ka nọ́ńbà ẹ̀rọ, tó yà á sínú fóònù, ló sọ pé "á ṣiṣẹ́". Nígbà tí mo pè é, ó ní iṣẹ́ òun ni kí kọ̀ǹpútà tàn, ó sì ń tàn. Mo ní kó kó àwọn àtijọ́ mi padà fún mi, ó ní òun ti tà wọ́n. Láti ìgbà náà, bí mo bá pe nọ́ńbà rẹ̀, á dún títí á dákẹ́.

Ohun tó ń fa ìdádúró tí ẹ ń rí ni pé driver kan wà tí Windows 11 fúnra rẹ̀ gbé wá, tó lè mú ẹ̀rọ ńlá yẹn tẹ̀wé díẹ̀díẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ń tẹ̀. Kò mọ àpótí tí páálí wà yàtọ̀ sí èyí tí ìwé wà. Fún ìwé ètò, ọmọ iṣẹ́ mi á tẹ igba ojú ewé lápá kan, á kó wọn jáde, á tò wọ́n gún, á yí wọn, á tún kì wọ́n padà sínú ẹ̀rọ kí ó tẹ ẹ̀yìn. Bí ìwé méjì bá lẹ̀ mọ́ra láàárín, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ti ṣì nìyẹn: orin ìsìn á bọ́ sí ẹ̀yìn ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, àdúrà á bọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò. Àfi kó da gbogbo rẹ̀ nù, kó tún un tẹ̀. Bébà tó ń bàjẹ́ yẹn àti wákàtí tó ń lọ sí i ni náírà 20 tí ẹ rí. Kò sí èrè kankan nínú rẹ̀.

Àwọn kan ní kí n ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun. Owó mílíọ̀nù ni, mi ò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ gbèsè kọ̀ǹpútà.

Nípa dídá Windows àtijọ́ padà, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò rọrùn bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Lóòótọ́, ẹni tó bá gun orí Windows 10 tirẹ̀ lọ sí 11 ní ọjọ́ 10 tó lè fi padà pẹ̀lú bọ́tìnnì kan. Windows 11 ló ti wà lórí tiwa nígbà tí wọ́n kó wọn dé, kò sí àtijọ́ kankan lábẹ́ rẹ̀. Láti padà, àfi ká nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. A lè ṣe é, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti dán ọ̀kan wò, ẹ̀rọ ńlá sì dáhùn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní dá gbogbo wọn padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹ wo ohun tí ẹ ń gbé wá bá wa lójoojúmọ́. Ìyá kan á wá tẹ NIN rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọ íméèlì rẹ̀ níwájú wa láti gba èsì. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì á wá tẹ àkọsílẹ̀ báńkì nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń gba orí kọ̀ǹpútà wa kọjá. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní WannaCry jà káàkiri ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó tì fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ó wọ ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọ́n ní láti dá àwọn aláìsàn padà sílé. Microsoft sì ti fi àtúnṣe tó dí ihò yẹn síta láti oṣù Kẹta. Àwọn tí kò gbà á, àti àwọn tí Windows wọn ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí, ni ó ká mọ́. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí wa ní Agbowó, tí project ẹni tó fẹ́ gbèjà rẹ̀ lọ́la wà nínú ẹ̀rọ, ta ni yóò bá mi bẹ̀ ẹ́? Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni àwọn aráàlú náà wà láti ọdún 2023, ṣọ́ọ̀bù kékeré kò yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Microsoft ṣì ń ta àtúnṣe Windows 10 fún àwọn oníṣòwò. Dọ́là 61 ni fún kọ̀ǹpútà kan lọ́dún àkọ́kọ́, á sì máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ sí náírà fúnra yín. Mi ò lè san án lórí gbogbo ẹ̀rọ, lórí ojú ewé náírà 50.

Nítorí náà, kọ̀ǹpútà méjì péré ló ń padà sí Windows 10, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá. A ti yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára wọn, kò sì ní wọ ibẹ̀ mọ́. Ìwé títẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ wọn. Àwọn yòókù dúró lórí Windows 11.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìbínú gba flash yín lọ́wọ́ ọmọ wa bó bá ní kí òun kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà iwájú, bóyá fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, kó tó gbé e lọ sórí àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá. Èmi ni mo pàṣẹ. Bí ẹ bá lè fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́ ní PDF, ó dára jù, kò ní jẹ́ kí lẹ́tà àti àmì orí rẹ̀ yí padà.

Iṣẹ́ lórí àwọn méjèèjì yóò parí kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Láti ọjọ́ Ajé, ìwé tojú tẹ̀yìn padà sí náírà 50. Ẹni tó bá ti san náírà 70 sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí a kò tíì tẹ̀, kó mú rìsíìtì rẹ̀ wá sí káńtà, wọn á fún un ní owó tó ṣẹ́ kù. Àwọn tó ní ìwé ètò òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbé e wá kí Ọjọ́rú tó kọjá. Ṣọ́ọ̀bù ń ṣí ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, èmi fúnra mi ni yóò máa ṣí i.

Èmi ni tiyín,
Onílé-iṣẹ́, Agbowó, Ìbàdàn