Kí o tó yí orúkọ ọmọ rẹ padà

Títílayọ̀ ọmọ mi,

Orúnkún mi ti fúyẹ́, àbúrò rẹ sì ti rí iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni ó ta mí lólobó pé o fẹ́ mú orúkọ bàbá ọmọ rẹ kúrò lára orúkọ rẹ̀, kí ó lè máa jẹ́ orúkọ ilé wa, àti pé ẹnì kan ti ṣèlérí pé òun yóò bá ọ parí rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó gbọ́. Gbogbo ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o kò fẹnu kàn án fún mi rí. Ó dùn mí.

N kò sọ pé kí o má yí i. Mo mọ ohun tí ọkùnrin náà fi ojú rẹ rí, n kò sì ní bá a bẹ̀bẹ̀. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni pé, ṣé o ti bi ọmọ náà? Ọmọ ọdún 11 kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ní Texas tí o wà yẹn, òfin sọ pé bí ọmọ bá ti pé ọdún 10, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ pé òun gbà, a ó sì so ìwé náà mọ́ ẹ̀bẹ̀ tí a ń gbé lọ sí kóòtù. Bí òfin tí kò bí i bá ń bi í léèrè, ìwọ tí o bí i ńkọ́?

Wá agbẹjọ́rò gidi tí ẹjọ́ ìdílé jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni yóò bá ọ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ìwọ yóò búra sí, tí yóò sọ orúkọ tí ọmọ ń jẹ́, èyí tí o fẹ́ kí ó máa jẹ́, àti ìdí rẹ̀. Sọ fún un pé kóòtù kan ti pàṣẹ lórí ìtọ́jú ọmọ náà nígbà tí ẹ tú ká, má fi í pamọ́. Níwọ̀n ìgbà tí kóòtù kò bá tíì gba ẹ̀tọ́ òbí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, dandan ni kí ó mọ̀ sí ẹjọ́ náà. Bí ó bá sì gbà, ó lè fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n má wulẹ̀ fi ìwé ìpè jíṣẹ́ fún òun mọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ̀bẹ̀ bá ti wọ kóòtù ni. Níbo wá ni abẹ́lẹ̀ wà nínú èyí? Adájọ́ kò ní wo ìbínú rẹ, ire ọmọ ni yóò wò. Má sì rò pé orúkọ ni yóò já okùn: bàbá rẹ̀ ṣì ni bàbá rẹ̀, owó ìtọ́jú tí wọ́n ní kí ó máa san kò sì ní torí bẹ́ẹ̀ dúró.

Ìwọ náà mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ pínyà, mo mú ọ lọ sí ilé ìwé tuntun, mo sì kọ orúkọ ilé wa sí fọ́ọ̀mù rẹ láìsí kóòtù, láìsí ìwé kankan. Akọ̀wé bi ọ́ ní orúkọ rẹ, o kọ́kọ́ wo ojú mi kí o tó dáhùn. Nígbà tí o dàgbà, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ ń pè ọ́ ní ẹnì kan, ìwé ẹ̀rí ìdánwò rẹ ń pè ọ́ ní ẹlòmíràn, ìwọ ni o sì ń búra kiri pé ìwọ náà ni. Mo máa ń sọ pé nítorí rẹ ni mo ṣe é. Nítorí ìbínú mi ni. N kò bi ọ́ léèrè nígbà náà, n kò sì tíì bi ọ́ títí di òní.

Bí adájọ́ bá fọwọ́ sí i, gba ẹ̀dà àṣẹ náà tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí, má gba ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí ọ́fíìsì Social Security tó ń fún ènìyàn ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń tọ́jú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ni yóò máa béèrè rẹ̀. Ní ti ìwé ìrìnnà, òbí méjèèjì ni ìjọba Amẹ́ríkà sábà máa ń ní kí ó fọwọ́ sí ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, nítorí náà ọkùnrin tí o ń sá fún yìí, ẹ ṣì máa pàdé.

Bi ọmọ náà ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá, kì í ṣe lẹ́yìn tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá bàbá rẹ̀ jà lórí fóònù. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, tàbí pé kí orúkọ méjèèjì wà, má bínú sí i, kí o sì dá agbẹjọ́rò dúró ná. Bí owó rẹ̀ bá sì ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi ní oṣù yìí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.