Ẹ̀yin Ọmọ Òròkí, Owó Olùkọ́ La Ń Wá

Ẹ̀yin ọmọ Òròkí nílé lóko, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlù, ijó àti eré orí ìtàgé tí a jọ fẹnu kò lé lórí ló gbé wa wá.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì ní Òṣogbo. Oṣù Ẹrẹ́nà 1962 ni Dúró Ládipọ̀, tíṣà tó ti Kàdúná padà wálé, sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbari Mbayo, ilé àṣà àti eré orí ìtàgé, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Ulli Beier, ará Jámánì. Eré Dúró tó ń jẹ́ Ọba Mórò ni wọ́n fi ṣí i. Nígbà tó fi máa di 1964, wọ́n ti gbé eré rẹ̀ mìíràn, Ọba Kò So, dé Berlin.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ra wọn. Dúró tọ àwọn àgbà lọ fún oríkì àti ìlù. Jímọ̀ọ̀ Bùráímọ̀ ń bójú tó iná orí ìtàgé. Múráínà Oyèlámì ń ṣeré, ó ń lùlù. Nígbà tí Georgina Beier wá ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní 1964, inú ẹgbẹ́ eré yìí kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán Òṣogbo tí ayé mọ̀ ti jáde. Oyèlámì tún lọ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ní ìlù.

Àmọ́ ọrùn ẹnì kan ni gbogbo ẹrù náà wà. Dúró kú ní 1978. Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ò jẹ́ kí eré náà parun, a sì ń kí i fún un, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú ni a fi sílẹ̀ fún opó yẹn.

Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi ní kí a má tíì kọ́lé. (A mọ̀ pé géètì ńlá ló dùn ún yà ní fọ́tò.) Owó oṣù àwọn tó máa kọ́ni ní bàtá àti dùndún ló ṣáájú, kí ìlù tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tó bá ń kọ́ bàtá, omele, ìlù kékeré, ni yóò kọ́kọ́ lù kí wọ́n tó gbé ìyáàlù kọ́ ọ lọ́rùn, nítorí náà omele la máa rà jù.

Ẹ̀yin tó wà nílé, ₦10,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ti òkè òkun, ₦50,000. Ẹni tí Ọlọ́run bá bùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba owó oṣù olùkọ́ kan rù fún ọdún kan. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá sì fi ìlù sílẹ̀ ní àjà, kó gbé e wá. Akápò ẹ̀ka yín ni kí ẹ san án fún, ẹ má gbàgbé rìsíìtì. Kó pé kí ọdún Ọ̀ṣun tó wọlé ní oṣù Ògún, nítorí ìpàdé ìgbà náà la ó ti ka orúkọ ẹni tó san àti iye tí a ná.