Ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹni tó gba ilé ìjọba hàn lára ògiri

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ ìwé yìí, níbi tí mo ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìdánwò àti ìwé ìkésíni láti ọdún 2012, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí ó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, tí kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìjọba máa kọ ọ́ síta, níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, ẹni tí ó gba ilé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iye tí onítọ̀hún ń san, àti ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ yóò parí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Òṣìṣẹ́ káńsù kan gbé ìwé wá pé kí n bá òun ṣe ẹ̀dà mẹ́wàá. Ìwé owó ilé ni, tí wọ́n to gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìnlélógún tí ó wà ní ilé ìtajà wa sí. Bí mo ṣe fẹ́ dojú rẹ̀ dé orí gíláàsì ẹ̀rọ fótókọ́pì ni ojú mi bọ́ sí ìlà kẹsàn-án, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù tí mo dúró sí gan-an. Orúkọ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti ọkùnrin tí mo ń san owó fún. Iye tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni ₦48,000 fún ọdún kan. Oṣù méjì péré ṣáájú ọjọ́ náà ni mo ka ₦350,000 lé ọkùnrin yẹn lọ́wọ́. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́wàá náà, mo gba owó iṣẹ́ mi, mo sì jókòó. N kò lè tẹ nǹkan kan mọ́ títí ọ̀sán fi pọ́n.

Nínú owó tí mo ń san lọ́dọọdún, ₦48,000 ni ó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba. ₦302,000 tí ó kù ń dúró lọ́wọ́ àwọn tí kò to búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn níbẹ̀, tí wọn kò sì gbálẹ̀ ibẹ̀ rí. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọkùnrin náà nìkan ni mo ń bínú sí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n ti wà nílé ìtajà náà ṣáájú mi sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n kọ́ ọ parí, wọn kò kéde rẹ̀ fún ará ìlú. Ńṣe ni wọ́n pín kọ́kọ́rọ́ fún àwọn tí wọ́n súnmọ́ agbára, láìsí ọjọ́ kan tí àdéhùn yóò parí. Àwọn mìíràn nínú wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ń gba owó ṣọ́ọ̀bù ìjọba bí ẹni pé oko kòkó ni bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìyà irú ètò bẹ́ẹ̀ kò mọ sí orí owó nìkan. Ní àsìkò òjò ọdún 2023, páànù ilé náà lu, omi sì ń kán sí àárín ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, mo fi tapólì bo ẹ̀rọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́, mo bá páálí bébà méje tí omi ti wọ̀. Bébà tí ó bá ti mu omi máa ń wú, etí rẹ̀ á ká sókè, kò sì ní gba inú ẹ̀rọ kọjá mọ́ bí ẹ tilẹ̀ sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ sí káńsù; wọ́n ní ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ni yóò tún òrùlé ṣe. Mo lọ bá ọkùnrin tí mo ń san owó fún; ó ní káńsù ló ni ilé. Nígbẹ̀yìn, èmi àti ìyá tí ó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dá owó jọ, a ra páànù méjìlá, a sì san owó káfíńtà. Nígbà tí ọdún yí po, wọn kò yọ kọ́bọ̀ kan kúrò nínú owó ilé wa.

Gbọ̀ngàn kan tún wà lẹ́yìn ilé ìtajà náà, tí wọ́n ti tì pa láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Àgádágodo rẹ̀ ti dípẹtà, ewúrẹ́ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé lọ sùn. Ní ìlú kan náà yìí, ọ́fíìsì ìjọba kan wà tí ó jẹ́ pé ilé aládàáni ni wọ́n háyà fún un. N kò gbà pé olè jíjà ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé ẹni tí ó lọ háyà ilé kò mọ̀ pé ìjọba ní èyí tí ó ṣófo, nítorí kò sí ìwé kan tí a kọ gbogbo wọn sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó olú-ìlú lọ sí Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, ọ̀pọ̀ ilé ńlá ni wọ́n fi sílẹ̀ ní Èkó. Sẹkitéríàtì tí ó wà ní Ìkòyí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n tà á ní 2006 ní bílíọ̀nù méje náírà, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lórí ohun tí wọ́n lè fi ibẹ̀ ṣe, ilé náà sì dúró lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Kódà ní Amẹ́ríkà, láti 2003 ni àwọn tí ń yẹ ìnáwó ìjọba wò ti ka ìtọ́jú ilé ìjọba àpapọ̀ mọ́ àwọn nǹkan tí ó léwu jù fún àpò ìlú, tí wọ́n sì ṣe òfin ní 2016 láti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí yóò máa tọ́ka sí ilé tí ó yẹ kí a tà. Ṣùgbọ́n ará ìlú níbẹ̀ lè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì rí ilé tí ìjọba háyà, owó ọdọọdún tí wọ́n ń san lé e àti ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ yóò parí. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ kí a kọ́ lára wọn.

A kò ṣe aláìní òfin. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọjà àti ibùdókọ̀ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2007 lórí ọjà rírà àti gbígbé iṣẹ́ fún àgbàṣe ka fífi ohun ìní ìlú háyà mọ́ ọ̀nà tí a lè gbà fi í sílẹ̀, ó sì pa á láṣẹ pé kí ẹni tí kò ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ díye lé e. Òfin ilé gbígbà ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣe ní 2011, kò gbà kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì ni mo san kí n tó wọlé. Ní ti bíbéèrè ìwé, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti fèsì, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Mo kọ lẹ́tà béèrè; n kò tíì rí èsì. Àmọ́ kò yẹ kí ó tilẹ̀ di ohun tí à ń kọ lẹ́tà lé lórí.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí ìjọba bá gbé owó ilé rẹ̀ sí iye tí ó jẹ lọ́jà, yóò ni mẹ̀kúnnù lára. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára púpọ̀, nítorí mẹ̀kúnnù ni mí. Ìyá olówùú yẹn ń san ₦280,000. Kò rí àǹfààní kankan jẹ nínú ₦48,000 tí káńsù dá. Bí káńsù bá gba ₦150,000 lọ́wọ́ mi ní tààrà, owó tí ó ń wọlé fún un yóò ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, ohun tí èmi yóò sì san kò ní tó ìdajì èyí tí mo ń san báyìí. Bí ìjọba bá sì fẹ́ ran àwọn opó àti àwọn tí ń ta ẹja lọ́wọ́, kí ó fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù ní ₦20,000, kí ó kọ ọ́ síta pé ìrànwọ́ ni. Èmi yóò yọ̀ láti kà á.

Nítorí náà, kí wọ́n kan pátákó mọ́ ara ilé ìjọba kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ààfin, ní ọjà Olúwo àti ní ẹnu ọ̀nà káńsù. Nígbà tí àdéhùn bá parí, kí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ dídíyelé ilé wá wò ó, kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, kí ẹni tí ó ń lo ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ sì kọ́kọ́ ní àǹfààní àtigbà á ní iye tí wọ́n bá dá. Kí wọ́n ya apá kan owó náà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe òrùlé àti ògiri, nínú àkáǹtì tí wọn kò ní mú owó ayẹyẹ kúrò nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìwé yìí lè mú kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀ yín kí ẹ má tẹ orúkọ mi. Àkọsílẹ̀ tí mo ń béèrè kò ju ojú ewé kan lọ fún ilé ìtajà wa. Mo ti fa ìlà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi: nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, orúkọ, iye owó, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí. Àyè inú rẹ̀ ṣì ṣófo. Bí káńsù bá lè fún mi ní ohun tí yóò wọ̀ ọ́, èmi yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, èmi yóò sì fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Atẹ̀wé kan ní Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó