Ẹ yéé ra sílọ́ọ̀tì NDA, ẹ jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti SS2

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà lásìkò tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì mọ ibòmíì tí àwọn òbí tó pọ̀ ti lè rí i kà ju ojú ìwé yín lọ, torí ìyá tó ń ta ata lọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ò ní lọ ka ìpolówó òyìnbó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó ń rẹ́ni bá a ka ìwé ìròyìn Yorùbá. Tíṣà ni mí, máàtì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS. Ọdọọdún ni mo máa ń rí ọmọ tó ní òun fẹ́ lọ NDA, iléèwé gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di ọ́físà ológun ní Kàdúná, ọdọọdún náà ni mo sì ń rí i tí owó òbí ń wọ àpò oníjìbìtì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò le: ẹ yéé wá ẹni tó máa ta àyè NDA, tí wọ́n ń pè ní sílọ́ọ̀tì, fún yín. Owó tí ẹ fẹ́ kó fún ẹni tó ní òun mọ ọ̀gá kan l'Ábújá, ẹ fi ra bàtà tí ọmọ á fi máa sáré, ẹ fi yẹ ojú ẹ̀ wò, ẹ fi san owó lẹ́sìn, kó sì bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó bá ti wà ní SS2, kì í ṣe ìgbà tí WAEC bá jáde tán tí gbogbo ilé wá ń sáré kiri.

Opó kan wà ládùúgbò wa, aṣọ òkè ló ń tà, ọmọkùnrin ẹ̀ mọ̀wé, mo mọ̀ torí èmi ni mo kọ́ ọ. Ọkùnrin kan wá bá a pé sílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló kù fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pé ọwọ́ ọ̀gá òun ló wà, tí kò bá tètè sanwó wọ́n á gbé e fún ọmọ ẹlòmíì. Màmá yìí lọ yáwó ní kọpuréétìfù, ó ta ọjà tó kù nílẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Wọ́n fún wọn ní lẹ́tà tó lóǹtẹ̀, ó ń dán, ọmọ di ẹrù ó wọ mọ́tò ó di Kàdúná, sójà ẹnu géètì ló wo lẹ́tà yẹn tó sì ní kó máa padà lọ bá ìyá ẹ̀, pé irú ẹ̀ ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Nọ́ńbà ọkùnrin náà ò lọ mọ́ látìgbà yẹn. Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé ọmọ yẹn ò tiẹ̀ jókòó ṣèdánwò, wọ́n ti sọ fún un pé kò nílò ẹ̀, ọmọ tó jẹ́ pé tó bá ṣe é ó ṣeé ṣe dáadáa kó yege, ọjọ́ orí náà ò sì dúró dè é, torí 17 sí 21 ni wọ́n ń béèrè lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí.

Bó ṣe yẹ kó lọ gan-an nìyí, mo sì fẹ́ kí òbí kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù JAMB, NDA ni ọmọ gbọ́dọ̀ fi sí first choice. Ìyẹn nìkan ò tó o, ó tún gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù NDA fúnra ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó san owó fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ síbẹ̀, àìmọye ọmọ ló ń ṣe ọ̀kan tí wọ́n á gbàgbé èkejì, wọ́n á wá máa sọ pé wọ́n ṣojúsàájú. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni, English àti Maths gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀, ìjókòó ìdánwò ò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Ọmọ ò gbọ́dọ̀ tíì gbéyàwó tàbí lọ́kọ, kò sì gbọ́dọ̀ tíì bímọ. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tiwọn, ẹni tó bá yege níbẹ̀ ni wọ́n á pè wá sí Kàdúná fún ìǹtáfíù tí wọ́n ń pè ní AFSB, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé ti ń já bọ́.

Kí ló ń já wọn bọ́? Ara ni. Wọ́n á ní kí ọmọ sá 3.2 kìlómítà, wọ́n á ní kó ṣe press-up àti sit-up, kó gun okùn, kó fo kòtò. Ọmọ tí kò sá ju ìgbà tí òjò fẹ́ pa á lọ, tó jẹ́ fóònù ló ń tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé ọ̀sẹ̀ kan ló máa fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń mí nígbà tó bá ń sáré? Pápá tó bá jẹ́ 400 mítà, ìyípo mẹ́jọ ló máa fún un ní 3.2 kìlómítà. Kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó máa rìn kó máa sáré fún oṣù kan, kó má tíì wo aago rárá, tó bá ti lè parí ìyípo mẹ́jọ láì dúró ni kó tó máa ronú àtisáré kíákíá. Òwúrọ̀ kùtù dáa ju ọ̀sán lọ. Kó mu omi, kó jẹ ẹ̀wà àti ẹyin, kó má lọ ra energy drink, kó má sì gba oògùn kankan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó bá ní ó ń fúnni lágbára, mo bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ bojú tó èyí.

Àwọn nǹkan míì wà tí eré sísá ò lè tún ṣe, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ tètè mọ̀. Wọ́n ń wọn gíga: ọkùnrin 1.68 mítà, obìnrin 1.65 mítà. Wọ́n ń wo ojú, wọ́n ń wo etí, wọ́n ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ bóyá ó pẹlẹbẹ, wọ́n ń wo eegun tó bá ti ṣẹ́ rí, wọ́n sì ń wo bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Nínú kíláàsì mi, mo máa ń rí ọmọ tó ń fún ojú pọ̀ kó tó rí bọ́ọ̀dù, tí mo bá ní kó sọ fún wọn nílé, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, kò fẹ́ kàwé. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Tí ojú ò bá gbé NDA, ọmọ ṣì ráyè yan nǹkan míì nígbà tó wà ní SS2, ó sàn ju kó lọ gbọ́ ọ ní Kàdúná lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ tiwa níbí. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má wo àgbà lójú, kí wọ́n máa fohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn, ó dáa, ẹ̀kọ́ ilé ni, mi ò ní kẹ́ ẹ pa á tì. Àmọ́ níwájú àwọn ọ̀gá tó jókòó ní AFSB, ọmọ tó dorí kodò, tó ń fa etí aṣọ, tó ń sọ̀rọ̀ sínú, ẹ̀rù ni wọ́n máa rò pé ó ń bà á, wọn ò ní mọ̀ pé ó ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni. Wọ́n lè ní kó dìde sọ̀rọ̀ lórí nǹkan tí kò múra sílẹ̀ fún, wọ́n á bi í ní ohun tó ń lọ nílùú, wọ́n á kó òun àti àwọn tí kò mọ̀ rí pọ̀ pé kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kan, wọ́n á sì máa wo ta ló ń darí, ta ló ń bínú, ta ló ń sá fún iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa ka ìròyìn sókè ketekete fún yín nílé lálaalẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tó rò nípa ẹ̀, ẹ sì gbà fún un kó sọ èrò ọkàn ẹ̀.

Ìwé náà ńkọ́? Ẹ tún orúkọ ọmọ ṣe nísinsìnyí. Mo ti rí ọmọ tó jẹ́ Adébáyọ̀ nínú WAEC, tó jẹ́ Bayo nínú NIN, orúkọ bàbá àgbà ẹ̀ ló wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí, déètì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà nínú gbogbo wọn. Àtúnṣe NIN kì í ṣe nǹkan ọ̀sẹ̀ kan o. Ìwé ọmọ ìlú láti lókà gọ́fúmẹ́ǹtì, ẹ gbà á kí ìkánjú tó dé. Ìwé tí ẹni ńlá máa fọwọ́ sí pé òun mọ ọmọ náà, bíi prínsípà, alága lókà gọ́fúmẹ́ǹtì tàbí ọ́físà sójà tí ipò ẹ̀ ò kéré sí lieutenant colonel, ẹ ti máa wo ẹni tí ẹ máa tọ̀ lọ, ìyẹn sì ni ibì kan ṣoṣo tí mímọ èèyàn ti wúlò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn òbí kan ṣì rò pé ìbọn yíyìn nìkan ni wọ́n ń kọ́ ńbẹ̀. Rárá o, láti 1985 ni NDA ti ń fúnni ní dìgírì, enjinía wà, físíìsì, kọ̀ǹpútà, ìtàn àti èdè Faransé náà wà, ọdún márùn-ún ni, mẹ́rin fún ìwé, ọ̀kan fún iṣẹ́ ológun gangan, ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà ẹ̀, wọ́n sì tún ń fún kàdẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ńbẹ̀, ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Lọ́dún 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ọ́físà India ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ibẹ̀ kí David Ejoor tó di kọmandáǹtì ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní 1969. Benjamin Adékúnlé tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, Sandhurst ní Ìlú Ọba ló ní láti lọ, torí kò tíì sí irú ẹ̀ nílé nígbà yẹn. Ẹ sì wo Taoreed Lágbájá, ọmọ Ìlobù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, 1987 ló wọ NDA, 1992 ló jáde ní second lieutenant, ní 2023 ó di ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ pátápátá, kó tó di pé ó papòdà ní November 2024, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀, Olúfẹ́mi Olúyẹdé, ọmọ Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì, kọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n jọ ṣe, 39 Regular Course. Irú ìlú tí àwa náà ń gbé ni wọ́n ti wá.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọbìnrin, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ, pé ta ló máa fẹ́ ẹ. Láti 2011 tí wọ́n ti kọ́kọ́ gba obìnrin 20 wọlé fún Regular Course, ìyẹn kọ́ọ̀sì ọlọ́dún márùn-ún yìí, ni ọ̀nà ti là fún wọn. Ọmọbìnrin tó ń gbégbá orókè nínú físíìsì ní kíláàsì mi, tó ń sáré ju ọkùnrin lọ níbi inter-house sports, ẹ jẹ́ kó gbìyànjú, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọkọ gé e kúrú ní ọmọ ọdún 16.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ìyá, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní August 2021, agbébọn wọ inú NDA ní Afaka ní Kàdúná, wọ́n pa ọ́físà méjì, wọ́n jí ọ̀kan gbé lọ. Sójà ń kú, òótọ́ ni. Ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ yín, ẹ sọ ọ́ fún un láì fi bò, ẹ bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ torí aṣọ kákí àti kí àwọn èèyàn máa bẹ̀rù òun ní mọ́tò pákì ni, ẹ dá a dúró. Tó bá sì jẹ́ pé ó mọ ohun tó ń wọ̀ tó ṣì fẹ́ ẹ, ẹ ṣàdúrà fún un kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ. Tó bá ń lọ Kàdúná, kó má rìn lóru, kó ti débẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá.

Ọmọ tí kò bá sì ní kírẹ́díìtì márùn-ún, tàbí tí kò bá wọlé, ìyẹn ò ní kó sọ̀rètí nù. Iṣẹ́ ológun ní ọ̀nà mìíì, àwọn rìkúrúùtì tó ń lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Depot ní Zaria ńkọ́, kì í ṣe kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn, fọ́ọ̀mù yẹn sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ọ̀fẹ́ ni mo sọ, ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ wá sanwó fún fọ́ọ̀mù sójà ń lù yín ní jìbìtì.

Ẹ̀yin prínsípà, ẹ̀bẹ̀ mi rè é. Pírìódù eré ìdárayá tí ẹ ti sọ di ti lẹ́sìn, ẹ dá a padà. Tíṣà máàtì ni mí, èmi náà ń jẹ nínú àkókò yẹn, mo sì ń sọ pé kẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin Olóòtú ńkọ́, tí ìpolówó NDA bá jáde lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé kejì yín ní Yorùbá, ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa parí, ibi tí wọ́n ti máa ṣèdánwò àti iye owó fọ́ọ̀mù gan-an, kí ìyá aláta náà lè ka iye owó ọ̀hún kó sì fi bi ẹni tó bá tún wá bá a pé sílọ́ọ̀tì kan ló kù.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà máàtì kan, Ògbómọ̀ṣọ́